Ọjọ́ Méjì Láti Ògbómọ̀ṣọ́ Dé Òkè Adó-Àwáyè: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Ìrìn Náà

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn ará ilé mi lọ gun òkè Adó-Àwáyè, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. A yà síbí, a yà sọ́hùn-ún, a ra èyí, a wo tọ̀hún. Nígbà tí a ó fi dé ẹsẹ̀ òkè, oòrùn ti wà láàárín orí. Àpáta gbóná débi pé ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè fìdí lé e. Omi tán nígbà tí a kò tíì gùn ún dé ìdajì. A sọ̀ kalẹ̀ láìrí Ìyákè, adágún orí òkè tí a torí rẹ̀ wá, ọmọ ń sunkún, èmi náà kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan sọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìdájí ni ìrìn yìí ń sìn. Ohun yòówù kí ẹ ṣe lọ́jọ́ kìíní, nítorí kí ẹ lè wà lẹ́sẹ̀ òkè kí oòrùn tó yọ lọ́jọ́ kejì ni. Mo ti padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí.

1. Ẹ mú oṣù kí ẹ tó mú ọjọ́

Òkúta líle ni òkè Adó-Àwáyè láti ìsàlẹ̀ dókè. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i, ewé omi tó ń hù lára òkúta á máa yọ̀ bí ọṣẹ, kò sì sí igi tí èèyàn lè dì mú ní ọ̀pọ̀ ibi. Nítorí náà, láti June títí dé October, ẹ fi í sílẹ̀. Àrá náà tún wà níbẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fojú di, torí ẹni tó bá dúró lórí àpáta gbalasa nígbà tí ojú ọ̀run ṣú ti di ohun tó ga jù lọ ní gbogbo àyíká.

Láàárín December sí February, ọyẹ́ máa ń bo ojú ọ̀run, ẹ kò ní rí ọ̀nà jíjìn, àmọ́ àárọ̀ máa ń tutù, ara á sì gbà á. Èmi, November ni mo fẹ́ràn jù. Koríko ṣì tutù, wọn kò tíì máa dáná sungbó, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. Ẹni tó bá fẹ́ di máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ sínú ọkọ̀ lè lọ ní April, kó sáà mọ̀ pé tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó yẹ kó ti máa sọ̀ kalẹ̀.

2. Ọkọ̀ àti ẹrù

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ ìrìn. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí mẹkáníìkì yẹ bíréèkì àti omi rédíétọ̀ wò. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ tẹ táyà tó wà ní bùùtù. Mo ti rí ẹni tí táyà rẹ̀ jò lójú títì, tó gbé èyí tó fi pamọ́ jáde, tí òun náà ti rọ̀ bí ẹ̀bà. Kí ìwé ọkọ̀ wà nítòsí ọwọ́, torí wọ́n á dá yín dúró lójú ọ̀nà. Ẹ rọ epo kún táńkì ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ sì tún fi kún un ní Ìsẹ́yìn. Ẹ mú owó lọ́wọ́, torí ìyá tó ń ta ẹ̀pà létí títì kò ní máa dúró de nẹ́tíwọ̀kì.

Ní ti ẹrù, omi ló ṣáájú: ó kéré tán, lítà méjì fún àgbàlagbà kan, lítà kan fún ọmọdé. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ní eyín. Sálúbàtà kò bá òkè yìí mu. Tọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan nínú yín sì mú èkejì dání. Ti fóònù kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì, torí bí bátìrì bá tán, ẹ ti pàdánù iná àti ìpè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ìbòmú dání nítorí eruku inú ihò. Ẹ fi lọ́fíńdà sílẹ̀ nílé, torí oyin.

3. Ọjọ́ kìíní: láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́

Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan: láfún gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ á gbé yín dé Ìsẹ́yìn. Bí àwọn ọmọdé bá wà nínú ọkọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ẹ sọ bí Ògúnlọlá ọdẹ ṣe bẹ́ orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, tí wọ́n fi ń pè é ní ẹni tó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí orúkọ náà sì di ti ìlú. Tí ọmọ bá ti mọ̀ pé ibi tí òun ń gbé ní ìtàn, á máa bèèrè ti ìlú tó kàn.

Ọ̀nà méjì ló lọ sí Ìsẹ́yìn. Ọ̀kan gba Fápòtè, ó sì yá jù. Ìkejì gba Ọ̀yọ́, ó sì jìn díẹ̀, àmọ́ òun ni mo ń gbà ní àlọ, torí ohun tó wà ní Ọ̀yọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ lé díẹ̀ ní 50 kìlómítà. Ìyẹn kò jìn, ṣùgbọ́n tírélà tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya pọ̀ lójú ọ̀nà àtijọ́ yìí. Ẹ má ya tírélà sílẹ̀ níbi kọ́nà, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni sáré. Mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ ní wákàtí kan sí i, kí ẹ sì délé.

Ní Ọ̀yọ́, ẹ gbé ọkọ̀ sí ìtòsí ọjà Akẹ̀sán, lẹ́bàá ààfin. Ọjà yìí jóná ní January 2020, wọ́n sì tún un kọ́. Ohun tí ẹ wá wò ni ọwọ́ àwọn oníṣẹ́: àwọn tó ń fín igbá, àwọn tó ń fi awọ ṣe àpò àti ìrọ̀rí, àwọn tó ń kan ìlù. Ẹ jókòó ti àwọn onílù pẹ́. Ẹ kí wọn pé "Àyàn á gbè yín o", kí ẹ sì bèèrè irú igi tí wọ́n fi gbẹ́ dùndún. Wọ́n á sọ fún yín pé igi ọ̀mọ̀ tàbí apá ni, àti pé èyí tó hù lẹ́bàá ọ̀nà ló dára jù, nítorí ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn láti ìgbà tó ti wà ní kékeré. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, orí mi a sì máa wú ní gbogbo ìgbà. Ẹ má yọ fóònù láti ya àwòrán kí ẹ tó bèèrè. Tí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan, ẹ ná an, ṣùgbọ́n ẹ má ná an bí ẹni ná ike; ẹ ti rí i bí ọwọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ lé e lórí.

Ọ̀yọ́ tí ẹ dúró sí yìí, Ọ̀yọ́ Àtìbà ni. Aláàfin Àtìbà ló tẹ̀ ẹ́ dó lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní àárín ọdún 1830 sí 1840. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró, tó sì di ọgbà ìjọba ní 1991. Àwọn ihò àpáta wà nínú ọgbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń bi mí bóyá kí wọ́n wọ̀ ọ́ nínú ìrìn ọjọ́ méjì yìí. Èsì mi ni pé rárá. Ìrìn tirẹ̀ ló yẹ kó ní. Olú iléeṣẹ́ wọn wà ní Ìsokùn, lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn gan-an. Ẹ lè yà níbẹ̀, kí ẹ bèèrè ìgbà tó dára àti iye ẹ̀ṣọ́ tó máa tẹ̀ lé yín. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kò dán mọ́rán lọ́wọ́ yìí, ẹ gba ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ má bá ọlọ́kadà kankan wọnú igbó náà nítorí pé ó ní òun mọ ọ̀nà.

4. Ìsẹ́yìn: ẹ sùn níbẹ̀

Ẹ sapá kí ẹ dé Ìsẹ́yìn kí ó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán. Kí ẹ tó dé ìlú, ẹ ó máa rí àwọn ìyá Fúlàní pẹ̀lú wàrà nínú igbá. Ẹ ra èyí tí ẹ máa jẹ lálẹ́, kí ẹ bẹ ẹni tó ń ṣe oúnjẹ fún yín kó dín in. Wàrà tútù tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀ kì í ṣe ohun tí mo máa fún ọmọ tó fẹ́ gun òkè lọ́la.

Ìsẹ́yìn ni ilé òfì. Ẹ̀yin ẹ sáà rìn wọ agbo ilé, ẹ ó gbọ́ ọ̀kọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí òfì kí ẹ tó rí ahunṣọ, ẹ ó sì rí òwú tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀, tí òkúta dè é mọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun. Ẹ bèèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín sányán, àlàárì àti ẹtù, kí wọ́n sì fi hàn yín lára aṣọ, kì í ṣe lẹ́nu lásán. Ìbú ojú aṣọ kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ ṣí lọ; wọ́n á gán an pọ̀ kó tó di aṣọ àwọ̀sọdún. Tí ahunṣọ bá gbà yín láàyè láti jókòó sídìí òfì, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbìyànjú rẹ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì ní alẹ́ yìí: ẹ pe ẹni tó máa ṣamọ̀nà yín ní Adó-Àwáyè, kí ẹ fìdí àkókò múlẹ̀. Ọmọ ìlú ni kó jẹ́. Bí ẹ kò bá mọ ẹnì kankan, ẹ lọ sí Adó-Àwáyè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní. Láti Ìsẹ́yìn kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ. Ẹ kí àwọn àgbà, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ gun òkè ní ìdájí, ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń gbà, kí ẹ sì padà wá sùn. Òkè náà kì í ṣe ilẹ̀ aláìlólúwa. Àwọn baba ńlá wọn gbé lórí rẹ̀ nígbà ogun, àwọn àgbà ìlú a sì máa túmọ̀ orúkọ Àwáyè pé "a wá yè" ni. Ẹni tó bá wọlé ẹlòmíràn láìkí i, kò yẹ kó retí pé wọ́n á fi yàrá hàn án.

5. Ìdájí ọjọ́ kejì: ẹ gun òkè

Aago márùn-ún, ẹ ti wà nínú ọkọ̀. Aago mẹ́fà, ẹ ti wà lẹ́sẹ̀ òkè.

Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n kọ́ sí apá ìsàlẹ̀. Ẹ má sáré gùn ún. Àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń fò ó ní méjì méjì, àwọn náà ló sì máa ń jókòó hẹlẹhẹlẹ lókè rẹ̀. Ẹ máa gun ọgbọ̀n, kí ẹ mí. Ọgbọ̀n, kí ẹ mí. Ẹni tó lọ́ra jù ni kó wà níwájú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé máa ka àtẹ̀gùn náà, wọn kò ní rántí pé ó rẹ̀ wọ́n. Bí àtẹ̀gùn bá tán, àpáta ló kù, ẹ ó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹpẹlẹ. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já kó yọ ojú kúrò nísàlẹ̀, kó máa wo gìgísẹ̀ ẹni iwájú. Ìdílé tiwa máa ń gba bíi wákàtí kan kí a tó dé orí òkè.

Ohun tí ẹ máa rí pọ̀. Òkúta Ìṣàgè dúró létí àpáta bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, kò sì ṣubú. Wọ́n ní láyé àtijọ́, bí ọ̀dá bá dá, aṣọ funfun ni wọ́n ń wé mọ́ ọn kí òjò lè rọ̀. Igi kan wà tí gbòǹgbò àti ara rẹ̀ dà bí orí erin tó ń wo èèyàn. Ẹ ó rí Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, àwọn ihò kéékèèké tó rí bí ipa ẹsẹ̀ lára àpáta. Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ Kan Ayé wà níbi tí ọ̀nà ti há láàárín òkúta àti ọ̀gbun. Ibẹ̀ ni kí ẹ di ọwọ́ ọmọ mú, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé fóònù sójú.

Lẹ́yìn náà, Ìyákè. Omi ló wà nínú àwo òkúta lókè téńté níbẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kún fún koríko, tí ojú ọ̀run sì balẹ̀ sínú rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé irú rẹ̀ méjì péré ló wà láyé, pé ìkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Ní tèmi, ká tilẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ni, mo ṣì máa jí ní aago mẹ́rin nítorí eléyìí. Ẹ má wọnú rẹ̀ o. Ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ má sọ òkò sí i. Àwọn onílé kà á sí ohun ọ̀wọ̀, ẹni tó bá sì rì lókè yẹn, kò sẹ́ni tó máa tètè rí i yọ. Ẹ jókòó, kí gbogbo yín dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí a dé ibẹ̀ ní ìrìn kejì, ọmọ mi tó sunkún níjọ́sí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká tún máa wo díẹ̀ sí i."

6. Ihò àpáta: bí a ṣe ń wọ̀ ọ́, bí a ṣe ń jáde

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, yálà Adó-Àwáyè lẹ wà, tàbí ẹ̀ ń lọ sí àwọn òkè Ìgbẹ́tì, tàbí òkè mìíràn ní Òkè-Ògùn.

Irú ihò tiwa kì í ṣe èyí tí omi gbẹ́ wọnú ilẹ̀ lọ. Àwọn òkúta ẹfun kan wà láyé tí omi máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi ní yàrá nínú. Gírànáìtì ni tiwa, omi kì í yọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru wà lára ohun tó ń là á, á máa bó ní ìpele ìpele bí èèpo àlùbọ́sà, òkúta ńlá á ré lulẹ̀, wọ́n á sùn lé ara wọn lórí, àyè tó bá sì ṣẹ́ kù láàárín wọn ni ihò. Ìdí nìyẹn tí ihò tiwa kì í fi í jìn púpọ̀, tó sì máa ń ní ẹnu méjì tàbí mẹ́ta. Ìdí nìyẹn náà tó fi wúlò fún àwọn tí ogun ń lé: wọ́n á gba ibì kan wọlé, wọ́n á gba ibòmíràn jáde. Ó tún túmọ̀ sí pé òkúta tó sùn lé òmíràn lè mì. Ẹ má ti ohunkóhun, ẹ má fẹ̀yìn ti òkúta tó bá dá dúró, ẹ má sì wọ ihò kankan nígbà tí òjò ń bọ̀.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ wo ẹnu ọ̀nà. Bí màrìwò bá wà níbẹ̀, tàbí aṣọ funfun, tàbí àmì pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ nǹkan, ẹ dúró síta. Ẹ má bèèrè ìdí lọ́wọ́ amọ̀nà lójú ibẹ̀. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, á sọ èyí tó bá lè sọ.

Bí ó bá yọ̀ǹda, ẹ ka ara yín: ẹni mélòó ló ń wọlé? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró síta pẹ̀lú omi àti fóònù. Amọ̀nà ló máa ṣáájú. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí ẹ fẹ́ gbé ọwọ́ lé kí ẹ tó gbé e, torí ejò fẹ́ràn láti sùn sínú pàlàpálá òkúta tútù. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn tó ta sánsán bí ìtọ̀, àdán ló wà níbẹ̀. Ẹ wọ ìbòmú, ẹ má fọwọ́ kan àdán tàbí ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má sì jẹun nínú ihò. Eruku ìgbẹ́ yẹn lè kó àrùn sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn oyin tó ń kùn, ẹ yí padà láìpariwo. Bí wọ́n bá ti tú dé, ẹ fi aṣọ bo orí àti ojú, ẹ sá lọ ọ̀nà jíjìn, ẹ má ju ọwọ́.

Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dì í, ẹ má fa oró náà lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà dúró jẹ́ẹ́, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì kọrí sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìsẹ́yìn.

Ẹ lè rí àfọ́kù ìkòkò, tàbí ibi tó dán kòtò lára òkúta bí ọlọ tí wọ́n ti lò fún ọdún púpọ̀. Ilé ìdáná ẹnì kan nìyẹn rí. Ẹ fi àfọ́kù sílẹ̀ síbi tó wà. Èmi kò fẹ́ràn kí n máa rí orúkọ olólùfẹ́ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára àpáta. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ẹ tún ka ara yín bí ẹ bá jáde.

7. Àbọ̀

Ó yẹ kí ẹ ti wà nílẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Ẹ sanwó amọ̀nà bí ẹ ṣe ṣàdéhùn, kí ẹ fi díẹ̀ lé e, kí ẹ sì jẹun ní ìlú náà kí owó yín lè kan ju ẹnì kan lọ.

Ẹni tó ní ọjọ́ kẹta lè gba Máyà, Láńlátẹ̀ àti Èrúwà lọ sí Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì. Ẹ ó rí i lójú títì lóòótọ́: Táyé àti Kẹ́hìndé pẹ̀lú aṣọ kan náà, àgbà méjì tó jọra bí imú. Ìwádìí tí dókítà Patrick Nylander ṣe láàárín 1972 sí 1982 rí i pé nínú 1,000 ìbí ní apá ọ̀dọ̀ wa, nǹkan bí 45 sí 50 ló jẹ́ ìbejì. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé ọbẹ̀ ìlasa ló fà á, ẹ sì jẹ ẹ́ kí ẹ tó kúrò. Láti 2018 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì níbẹ̀ ní October. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá kí ẹ tó ya àwọn ọmọ ní àwòrán. Láti ibẹ̀, ẹ lè gba Ìbàdàn padà, kí ẹ ra ọsàn ní Fìdítì.

Ẹni tí ọjọ́ méjì péré wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó padà sí Ìsẹ́yìn, kó gba Fápòtè wálé. Igbó àti oko ló pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, nítorí náà, ẹ bèèrè ipò ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì Ìsẹ́yìn kí ẹ tó kúrò, ọ̀sán gangan ni kí ẹ sì gbà á. Bí aago mẹ́ta bá ti kọjá, ẹ sùn sí Ìsẹ́yìn. Mo ti sùn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí òjò tó dé láìròtẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá délé, ẹ fi fọ́tò amọ̀nà yín ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kí ẹ sì pè é kí ẹ kí i. Òun ni ẹ máa tún pè nígbà tí àwọn ọmọ bá ní àwọn fẹ́ padà.